Ètò wákàtí kan lórí Akin Euba: ìtàn ayé rẹ̀, dùùrù àti dùndún. Ẹ dá sí i o

Olùkọ́_Sọ́fà

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-ìwé orin kan fẹ́ ṣe ètò wákàtí kan lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó kọ orin fún dùùrù tó sì ṣèwádìí ìlù dùndún. Ọmọ mẹ́rin ló máa tẹ dùùrù, akọrin 12 wà, onídùndún méjì sì ti gbà láti wá. Oṣù méjì ló kù. Kí ni ká kọ sínú ìwé ètò nípa ayé bàbá yìí tí kò ní mú àṣìṣe dání? Orin wo ni kí àwọn ọmọ tẹ̀? Báwo ni dùùrù àti dùndún ṣe ń wà lójú kan náà tí ọ̀kan ò ní gbé èkejì mì? Àwọn ọmọ náà tún fẹ́ kọ orin kékeré tiwọn ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Akọ̀wé_Àgbà

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìtàn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwé ètò ti máa ń kọsẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, 1935. Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ló kú sí, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, 2020. Ẹ ka ọjọ́ yẹn dáadáa: ó ku ọ̀sẹ̀ méjì géérégé kó pé ẹni ọdún 85. Ẹni ọdún 84 ló jẹ́ nígbà tó lọ, ẹ má fi kún un.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan dùùrù. Ní 1952 ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà níbẹ̀ di 1957. Arnold Cooke ló kọ́ ọ ní orin kíkọ. Oyè Fellow méjì ló gbà bọ̀, ọ̀kan fún dùùrù, ọ̀kan fún orin kíkọ. Ó délé, ó wọ ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, NBC. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba owó ìrànwọ́ Rockefeller lọ sí Yunifásítì California ní Los Angeles: oyè àkọ́kọ́ ní 1964, oyè kejì ní 1966.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ghana ní Legon ló fún un, ní 1974, lábẹ́ J. H. Kwabena Nketia, àgbà onímọ̀ orin Áfíríkà, orin dùndún ni iṣẹ́ ìwádìí náà sì dá lé lórí. Ẹni tó bá kọ Los Angeles síbẹ̀ ti sọ kókó ìtàn nù. Ọmọ Èkó tó ti gboyè dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù ló padà sí Áfíríkà wá gboyè tó ga jù lórí ìlù tí wọ́n ń lù lójú agbo nílé rẹ̀. Bí ojú ewé bá kún, ẹ gé ohun mìíràn, kì í ṣe gbólóhùn yẹn.

Ní ti iṣẹ́ olùkọ́: Ifẹ̀ láti 1968, Yunifásítì Èkó náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti 1986 sí 1991, Iwalewa-Haus, ilé àṣà Áfíríkà ti Yunifásítì Bayreuth ní Jámánì, ló ti ń ṣe ìwádìí. Ní 1989 ó dá CIMA sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àjọ tó ń kó àwọn tó ń po orin oríṣiríṣi àṣà pọ̀ jọ. Láti 1993 dé 2011 ó wà ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi orúkọ Andrew Mellon pè ní Yunifásítì Pittsburgh. Godwin Sadoh ọmọ Nàìjíríà àti George Dor ọmọ Ghana wà lára àwọn tó kàwé níbẹ̀ nígbà rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di olórin àti olùkọ́ fúnra wọn.

Ẹ má sì da òun àti Femi Euba pọ̀. Eré orí ìtàgé ni ti Femi.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Mo fẹ́ fi ohun kan lé e. Ẹ má pín ìwé ètò yẹn sí méjì, "olórin" lápá ọ̀tún, "olùkọ́" lápá òsì. Nǹkan kan náà ni. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń lò fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì ni creative ethnomusicology. Ní Yorùbá kedere: lọ sí agbo, gbọ́ ìlù, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nóòtì, tú u palẹ̀ kí o mọ iṣẹ́ tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń ṣe, lẹ́yìn náà kí o fi ohun tí o rí kọ orin tuntun. Iṣẹ́ ìwádìí Legon yẹn, tó di ìwé lórí dùndún ní Bayreuth ní 1990, ni ilé-iṣẹ́ tó ti ń mú irinṣẹ́ jáde.

Kí àwọn ọmọ tó jókòó sídìí dùùrù, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìlù wọ̀nyí. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀: kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ń fún ọṣán mọ́ra, ohùn ń lọ sókè sódò. Kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàngó ń di ìlù mú. Bí ìyáàlù ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn yìí wà níbi tí wọ́n wà. A máa ń fi okùn awọ di ọṣán wọn láàrín kí ohùn wọn má baà yẹ̀. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí à ń fún rárá. Bílálà méjì la fi ń lù ú, ìda wà láàrín ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Òun ló ń mú kí agbo má sùn.

Ẹ wá wo ìwé orin dùùrù rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọwọ́ kan ń tún nǹkan kúkúrú kan sọ ṣáá. Kẹríkẹrì àti gúdúgúdú nìyẹn. Ọwọ́ kejì ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó ń gbà á padà. Ìyáàlù nìyẹn. Ọmọ tí kò bá rí èyí á máa tẹ ọwọ́ tó ń túnra sọ yẹn bíi pé òun ni orin, kò ní í mọ ìdí tó fi ń sú ènìyàn.

Atẹdùùrù

Ọ̀rọ̀ gidi. Orúkọ tí Euba fún irú dùùrù bẹ́ẹ̀ ni African pianism. Ohun tó ń wá nínú rẹ̀: kí a máa tún ọ̀rọ̀ orin sọ, kí a mú ìlù tàbí ohùn orin tààrà láti ilẹ̀ Áfíríkà, kí a máa lu dùùrù bí ẹní lu ìlù, kí dùùrù sì máa hùwà bí ohun èlò ilé wa. Ní 1999 ó pe àpérò ńlá lórí rẹ̀ ní Pittsburgh.

Nípa orin tí ẹ máa yàn. Ẹ má ti orí *Scenes from Traditional Life* bẹ̀rẹ̀. 1970 ló kọ ọ́, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977, apá mẹ́ta ni. Ohùn 12 tó wà láti dò dé dò, àti funfun àti dúdú, ló tò lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí àwọn olórin Yúróòpù kan ti ń ṣe, ó sì fi ìlù tiwa gbé e rìn. Etí ọmọ kò ní í rí ibi dúró sí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá ti lágbára dáadáa nìkan ni kí ẹ fún ní apá kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó máa ń jẹ́: kí ó kọ́kọ́ lu gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ méjèèjì, láìfọwọ́ kan dùùrù, títí tí ìlù rẹ̀ á fi dúró. Kó wá fi lẹ́ẹ̀dì kọ 1 dé 12 sórí nóòtì níbi tí ètò ohùn náà ti kọ́kọ́ jáde. Ìgbà yẹn ló tó máa rí i pé nǹkan wà létòlétò, pé kì í ṣe wàhálà lásán.

Mẹ́ta nínú àwọn orin 1964 rẹ̀ dára fún ètò bí èyí: *Four Pictures from Oyo Calabashes*, *Impressions from an Akwete Cloth*, àti *Saturday Night at the Caban Bamboo*. Ẹ wo àkọlé wọn, igbá Ọ̀yọ́, aṣọ Akwete láti ilẹ̀ Ígbò, àti Caban Bamboo, ilé ijó Bobby Benson ní Èkó. Ẹ lè gbé igbá fínfín kan àti aṣọ Akwete kan sórí tábìlì níwájú ìtàgé, á sọ ju àlàyé lọ. Ẹni tó máa tẹ Caban Bamboo gbọ́dọ̀ ti gbọ́ háílàìfù dáadáa. Bó bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣe ìdánwò, kò sí ẹni tó máa mi ẹsẹ̀. *Wakar Duru*, mẹ́ta, ti 1987, wà fún ẹni tó ti kọjá ibẹ̀.

Fún akọrin kan pẹ̀lú dùùrù, ẹ wá *Six Yoruba Folk Songs* ti 1959. Méjì nínú rẹ̀ tó.

Ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó ṣí ìwé orin kankan ni ìlù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kónkóló. Kí ọmọ máa ka 1 dé 12, kó máa tún un kà. Ẹsẹ̀ á lu ilẹ̀ ní 1, 4, 7, 10. Ọwọ́ á pàtẹ́ ní 1, 3, 5, 6, 8, 10, 12. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀ẹ̀mejì péré lọwọ́ àti ẹsẹ̀ pàdé, ní 1 àti ní 10. Ní 4 àti 7 ẹsẹ̀ nìkan ló wà. Ẹ fi sí ẹsẹ̀ 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má kọjá 72 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Olùkọ́_Sọ́fà

A dúpẹ́ gan-an, sà. Bí ọmọ bá ń sọnù ní 4 ńkọ́? Bí ọwọ́ bá ti ń fà á lọ bá ẹsẹ̀?

Atẹdùùrù

Ẹ má jẹ́ kó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e. 3-4-5 jẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀, ọwọ́. 6-7-8 náà jẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀, ọwọ́. Ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Kó ṣe ọwọ́-ẹsẹ̀-ọwọ́, ọwọ́-ẹsẹ̀-ọwọ́ fún ìṣẹ́jú méjì láìdúró. Lẹ́yìn rẹ̀ kó so ìyókù mọ́ ọn: 9 dákẹ́, 10 méjèèjì, 11 dákẹ́, 12 ọwọ́, 1 méjèèjì, 2 dákẹ́. Ibi tó bá tún ti ń yẹ̀ kì í ṣe 4 mọ́, 12 ni, torí ó máa ń fẹ́ já a lọ bá 1. Kó fi ẹnu pariwo 12.

Nígbà tó bá gún, ọwọ́ òsì gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ dùùrù, ọwọ́ ọ̀tún gba àtẹ́wọ́ lórí nóòtì méjì péré. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan pẹ́dàlì ọ̀tún. Pẹ́dàlì máa ń da ohùn gbogbo pọ̀ bí ọbẹ̀ àná, ìlù a sì sọnù nínú rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ kó rọ̀, kí ìka bọ́ kíákíá kúrò lórí kíì bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń ta kúrò lójú awọ. Ọmọ tó bá ń tì í mọ́lẹ̀ á rẹ̀ ẹ́ kí ojú ewé kejì tó dé.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ọ̀rọ̀ ìjókòó. Nínú gbọ̀ngàn tí kò gba ju 200 ènìyàn lọ, dùndún kò nílò máíkì. Rárá. Dùùrù ló nílò rẹ̀ bí dùndún bá ti ju méjì lọ. Ẹ ṣí ìdérí dùùrù tán, ẹ má fi igi kékeré gbé e. Kí àwọn onílù wà ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí i, ní apá ibi tí atẹdùùrù ti lè rí ọwọ́ oníyàálù láìyí ọrùn. Gúdúgúdú ni kí ó sún mọ́ dùùrù jù, òun ló ń di àkókò mú. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn onílù. Ilẹ̀ táìlì máa ń da ohùn ìlù padà, ọ̀rọ̀ ìyáàlù á sì máa fọ́.

Ṣaworo etí ìyáàlù, ẹ fi ọwọ́ dì wọ́n tàbí kí ẹ fi aṣọ wé wọn níbi tí dùùrù bá ti rọlẹ̀. Á máa ṣẹ́ ṣẹ́ ṣẹ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Atẹdùùrù

Kí oníyàálù sì to ohùn rẹ̀ mọ́ dùùrù. Kí ohùn àárín rẹ̀ bá nóòtì kan mu nínú orin náà.

Ọmọ_Àyàn

Ibẹ̀ ni mi ò ti gbà fún ẹ̀gbọ́n. Ìyáàlù kì í jókòó sórí nóòtì kan. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ló ní, àti gbogbo ọ̀nà tó wà láàrín wọn. Bí ẹ bá ní kó fi ohùn kan mọ́ kíì dùùrù, ó máa ń di ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dàbí ti ẹni tí wọ́n kọ́ lẹ́nu. Gúdúgúdú àti àwọn tí ohùn wọn dúró ni kí ẹ fi mọ́ dùùrù, torí àwọn ló máa gbé ohùn kan náà wá ní ẹ̀ẹ̀ọgọ́rùn-ún. Bí gúdúgúdú bá fi díẹ̀ ga tàbí kéré sí nóòtì tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀, á máa gbo etí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ó jìnnà sí i dáadáa kí etí gbọ́ ọ bí ohùn mìíràn. Ààrin méjèèjì ló burú.

Atẹdùùrù

Mo gbà. Gúdúgúdú ni kí ẹ tò.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ ṣé. Ohun kan tún wà tí dùùrù kò lè ṣe: kò lè yọ̀. Ẹ fi ẹnu sọ *ìlù*, ẹ wá sọ *ìlú*. Nínú *ìlú*, ohùn kejì kì í fò lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló ń gùn ún láti ìsàlẹ̀. Ìyáàlù á fún ọṣán, á gbé e gùn. Lórí dùùrù, ẹ fi nóòtì kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kí ìka tó bọ́ sórí nóòtì òkè, kó yá bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́jú. Bí nóòtì kékeré yẹn bá pẹ́ jù, ó di sílébù kẹta, ọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́.

Bí àwọn onílù yín bá jẹ́ ọmọ Àyàn tí kò ka nóòtì, ẹ má gbé ìwé orin síwájú wọn. Ẹ sọ gbólóhùn tí wọ́n máa lù fún wọn ní ẹnu, kí atẹdùùrù sì mọ gbólóhùn náà sórí. Àmì ìwọlé ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ "báà 24". Muraina Oyelami tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Bayreuth tó fi ọ̀nà tuntun kọ dùndún sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánrawò, ó dára fún àwọn tó ń kọ́ ọ láti inú ìwé. Ṣùgbọ́n fún oṣù méjì, ẹnu yá ju ìwé lọ.

Olùkọ́_Sọ́fà

Ó ti yé wa. Ìyẹn ni pé tí a bá fẹ́ dùùrù pẹ̀lú ìlù, *Igi Nla So* ni, àbí?

Akọ̀wé_Àgbà

Òun ni. 1963, dùùrù àti ìlù Yorùbá mẹ́rin. Onílù méjì lẹ ní, ẹ wá méjì kún un. Ẹ má ní kí ẹnì kan lu ìlù méjì pọ̀, torí kókó ibẹ̀ ni bí ìlù mẹ́rin ṣe ń fèsì fún ara wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan: láìsí àmì ohùn ni àkọlé yẹn máa ń jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi àmì sí i nínú ìwé ètò, ẹ má gbé àmì òkè lé *so* lórí. Ẹ mọ nǹkan tí igi ńlá náà máa ṣe níwájú àwọn òbí.

Ìyá_Akọrin

Ha ha, Akọ̀wé ò ní pa wá o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmì yẹn ni mo bá wá, torí ẹ ní àwọn ọmọ fẹ́ kọ orin tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹni tó ń kọ orin ní Yorùbá ti máa ń jìyà, láti ìgbà tí T. K. Ekundayo Phillips ti wà nídìí dùùrù ìjọ ní Marina.

Kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán, kó fi dò-re-mí sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan kó tó ronú kan nóòtì. Ẹ mú "ọkọ̀ mi ti dé". *Ọkọ̀* jẹ́ re-dò. Bí orin bá gòkè lórí sílébù kejì, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ló dé. Bó bá dúró sójú kan, ọkọ ìyàwó ló wọlé. Bí méjèèjì bá wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ ni, ogun dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, nóòtì méjì péré.

Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé kì í ṣe pé mí gbọ́dọ̀ wà lórí nóòtì kan pàtó. Ìrìn láàrín sílébù kan sí èkejì ni etí ń gbọ́. Láti dò bọ́ sí mí, orin kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Láti mí bọ́ sí dò, kò gbọdọ̀ gòkè. Iye tó fi gòkè tàbí tó fi sọ̀kalẹ̀, ẹ̀tọ́ olórin ni, ibẹ̀ ni adùn wà. Sílébù tí ohùn wọn bára mu lè dúró tàbí kó rìn ìgbésẹ̀ kan. Bí gbólóhùn bá parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, ẹ lè tún un gbé láti ibikíbi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. "Gbé ọmọ" lórí ìwé, sílébù mẹ́ta. Lẹ́nu, *gbọ́mọ*, méjì. Bí wọ́n bá fún un ní nóòtì mẹ́ta, akọrin á máa kọ ọ́ bí ẹni ń kàwé fún àlejò.

Ibi tó le jù ni ohùn mẹ́rin. Ìwé ẹ̀kọ́ orin Yúróòpù á ní kí básì máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí sòpúránò bá ń gòkè. Nínú Yorùbá, sòpúránò ń kọ *ọkọ́*, básì lábẹ́ rẹ̀ ń kọ *ọkọ̀*, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti yọ. Ẹ jẹ́ kí ohùn méjì máa rìn pọ̀ ní ọ̀nà kan náà, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn. Tàbí kí ẹnì kan dá orin, kí ìyókù máa gbè é pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò yí padà. Tàbí kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa fi "hùn-ùn" gbé e láìsí ọ̀rọ̀. Pẹ̀lú akọrin 12, ọ̀nà kejì ni mo máa mú: ẹnì kan dá a, 11 gbè é.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ mú ẹnì kan tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ orin náà fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn ni kí ẹ padà sí.

Alága_Òrùlé

Ṣé ẹ ò ní fi *Chaka* kún un? Òun ni iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù.

Akọ̀wé_Àgbà

Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀pẹ́rà ni, 1970 ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ó sì ń tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ewì Léopold Sédar Senghor lórí ọba àwọn Zulu ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ìtàn Yorùbá bí àwọn kan ṣe máa ń kọ. Ohun èlò Yúróòpù wà nínú rẹ̀, ìlù Yorùbá wà, fèrè oparun *atenteben* ti Ghana náà wà. Wọ́n gbé e jáde lórí CD ní 1999, àwọn òṣèré ọ̀pẹ́rà Birmingham ló ṣe é, Simon Halsey ló darí wọn. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú rẹ̀ sétí àwọn ènìyàn bí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ lórí dùùrù, *Themes from Chaka* ti 1996 wà. *Dirges* náà, tí wọ́n ṣe ní Munich ní 1972 níbi ètò àṣà Òlíńpíìkì, tó gbólóhùn kan nínú ìwé ètò.

Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti 2022 fún olórin ní ọdún 70 lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Ti Euba di ìparí 2090. Nítorí náà ẹ ra ìwé orin, ẹ má ṣe fọ́tókópì ọ̀kan fún ọmọ mẹ́rin. Kí ẹ sì béèrè ìyọ̀ǹda kí ẹ tó gbé fídíò ètò náà sórí YouTube, torí ṣíṣe é nínú gbọ̀ngàn àti gbígbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìyọ̀ǹda kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́tà máa ń pẹ́ ju orin lọ.

Olùkọ́_Sọ́fà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san án fún yín. Bí a ṣe tò ó nìyí: CD *Chaka* ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin méjì nínú *Six Yoruba Folk Songs*, igbá Ọ̀yọ́, aṣọ Akwete, Caban Bamboo, orin àwọn ọmọ, *Igi Nla So* kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Òjò lè rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gbé orin àwọn ọmọ síwájú Caban Bamboo. Ẹ nílò ìṣẹ́jú mẹ́rin láti gbé ìlù àti kápẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹni tó ń tẹ Caban Bamboo lè máa tẹ̀ lọ nígbà tí àwọn onílù bá ń rọra jókòó, háílàìfù ò bínú sí ìyẹn.

Ọmọ_Àyàn

Nípa òjò: ọ̀rinrin máa ń wọnú awọ, ohùn á wálẹ̀, ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni òtútù mú. Kí ìlù wà nínú gbọ̀ngàn láti ọ̀sán, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀. Bí oòrùn bá wà, ẹ sá a fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí oòrùn kò bá sí, ẹ gbé e sún mọ́ ooru díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí i, kó má dúró sójú kan. Awọ tó bá gbẹ ju bó ṣe yẹ máa ń fà ya níbi etí rẹ̀. Ojú gúdúgúdú ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ooru máa ń mú ìda rọ̀, bí ìda bá sì ti rìn, ohùn tí ẹ ti fi mọ́ dùùrù ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí *Igi Nla So* tó bẹ̀rẹ̀, kí onígúdúgúdú jáde sẹ́yìn pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ nóòtì náà lórí fóònù, kó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.